Mo Kọ́ Aṣọ Ọmọ Mi Ní Irọ́ Pípa

Ohun tí mo fi òwú rán pamọ́ sínú aṣọ, ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi tú u lónìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi kò bá mi dákẹ́, nítorí ara ọmọ mi ló ń sọ ọ́ kiri, tí gbogbo ènìyàn ń rí i, tí wọn kò sì mọ ẹni tó fà á. Aránṣọ ni mí. Mo ti rán aṣọ fún ìyàwó tuntun, mo ti rán fún ọmọ ìkókó, mo ti rán èyí tí wọ́n wọ̀ fún òkú. Àwọn oníbàárà mi a máa sọ pé bí ọwọ́ mi bá ti kan ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kò tún sí ohun tí ara onítọ̀hún lè fi pamọ́ fún mi. Ìyìn ni wọ́n fi í ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yìn mí mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni mo ṣẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fi ń bọ́ ọ náà ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́, bí mo bá sì kú láìsọ ọ́, irọ́ náà yóò máa gbé ayé lọ lẹ́yìn mi.

Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ìsọ̀ wa ń pe ọmọ náà. Kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Bí òwú bá já, á rẹ́rìn-ín. Bí oníbàárà bá wọ aṣọ sódì, á sáré lọ fi orí pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì tó ya ìsọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára yàrá wa, a ó sì máa rí kọ́tìnnì náà tí yóò máa gbọ̀n. Abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ló ti kọ́ ìrìn. Orí tábìlì yẹn náà ló ti di ọwọ́ èmi ìyá rẹ̀ mú, tó kọ́ mi ní a, b, d, tí mo fi lè kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ó fẹ́ràn oúnjẹ. Búrẹ́dì gbígbóná ni kì í fi ṣeré rárá. Bó bá jẹ tirẹ̀ tán, á máa wo tèmi bí ológbò tó ń wo ẹja. Kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ pé àwọn máa di obìnrin, òun ti ń yọ àyà, ìbàdí rẹ̀ sì ti ń gba àyè. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ara ọmọ ló mọ ìgbà tirẹ̀. Èmi ni ara náà ń bà lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ lè dá mi láre. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà kì í pe orúkọ mi. Àgbá ló ń pè mí. Bí wọ́n bá ń bu oúnjẹ, á ní kí wọ́n bu ti gbogbo ọmọ tán ná, kí wọ́n tó wo ohun tó kù fún Àgbá, torí Àgbá ti ní ìpamọ́ lára. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ń bínú oúnjẹ. Mo lọ sílé ọkọ, ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé mi lọ. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá Ẹlẹ́rìn-ín. Onínúure ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. Bí mo bá fẹ́ gun ọkọ̀ rẹ̀, á bọ́ sílẹ̀ lọ bẹ táyà wò, á ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń mí. Ọmọ wa á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà màá lọ dúró níwájú dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, màá di ikùn mi mú, màá pòṣé, màá sì ní n kò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ lójú ọmọ. Mo rò pé ara mi nìkan ni mo ń bá jà. N kò mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni mo dá sílẹ̀, tí mo sì ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ ọmọge, èmi ni mo ń bá a rán an. Á wá àwọn ọmọbìnrin tí yóò wọ aṣọ náà, á ya wọ́n ní fọ́tò, á gbé fọ́tò náà sórí fóònù kí àwọn ènìyàn lè rí i rà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Màdáámù Fọ́tò. Ó wá gba aṣọ lọ́jọ́ kan, ó bá Ẹlẹ́rìn-ín níbi tó ti ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo. Ó gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè, ó wò ó síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò. Ó ní ojú náà dára púpọ̀, àní irú ojú tí òun ti ń wá kiri ni. Ó wá wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ tètè mójú tó ìbàdí yìí o. Ó ti ń sáré ju ọmọ lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó gba aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tó nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Létí mi, Àgbá ni mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ inú àwo ọmọ mi kù, tí mo ń sọ fún un pé kí ó kó ẹnu rẹ̀ níjàánu, pé ara obìnrin kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ bó bá ti fẹ̀ tán. Ọmọ náà fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó pòòyì níwájú mi kí n lè rí gbogbo ara rẹ̀, ó ní, "Màámi, èmi àti aṣọ mi ò tíì jà. Ọjọ́ tó bá sọ̀rọ̀, màá gbọ́." Obìnrin tó ń bá mi rán bọ́tìnnì, tí a ń pè ní Ìyá Oníbọ́tìnnì, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ṣàwàdà ni mo gbé sọ́kàn. Mo ní bó bá jẹ́ pé aṣọ nìkan ni yóò gbọ́ tirẹ̀, aṣọ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Yunifọ́ọ̀mù méjì ló ní. Bó bá wọ ọ̀kan lọ sílé-ìwé, èkejì á wà lórí okùn. Mo ká èkejì wọlé láàárọ̀, nígbà tí Ìyá Oníbọ́tìnnì kò tíì dé. Mo yí i sódì, mo fi bíléèdì tú ojú rírán rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, mo sì tún un rán wọlé díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kò ju fífẹ̀ okùn bàtà lọ. Mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ibi tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ ti kọjá, títí ihò rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló máa ń bà mí lẹ́rù bí mo bá rántí: ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Nígbà tí ọmọ náà wọ̀ ọ́, ó dúró, ó fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mí sínú, ó fa síìpù. Ó yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó ní, "Màámi, aṣọ ti sọ̀rọ̀ o." Ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó bi mí bóyá omi ló mú un súnkì. Mo ní kí ló dé tí omi kò mú tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ súnkì. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí ì bá wù mí kí ilẹ̀ gbé mì lónìí. Mo ní, "Aṣọ kì í purọ́, ọmọ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fi ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: inú ìyá dùn pé ebi ń pa ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe rí i pé ó ṣiṣẹ́, mo tún un ṣe. Mo fún yunifọ́ọ̀mù èkíní pọ̀, mo fún èkejì, mo bọ́ sórí aṣọ ìjáde, mo bọ́ sórí síkẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti dín oúnjẹ kù tí aṣọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, màá tún fún un sí i, kí ó má bàa sinmi. Ọmọ náà ń sáré, èmi ń gbé òpin ọ̀nà sá síwájú rẹ̀. Àwọn kan ní kíláàsì rẹ̀ ti ń fi àyà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, kò kà wọ́n sí. Nígbà tí aṣọ ilé pàápàá wá gbè sẹ́yìn wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sí. Á gba fóònù mi, á máa wo fọ́tò àwọn ọmọge, á wo ọrùn wọn, á lọ wo tirẹ̀ nínú dígí. Bàbá rẹ̀ ti ìrìnàjò dé, ó ní ta ló jí ìyá òun ńlá gbé, bó ṣe máa ń pe ọmọ náà. Ó rò pé eré ni. Àwọn oníbàárà ń yìn ín pé ó ti ń gún régé, ìyìn náà sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ, nítorí ọmọ tó máa ń fẹ́ tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn ni.

Ìyá Oníbọ́tìnnì ló kọ́kọ́ mọ̀. Bọ́tìnnì síkẹ́ẹ̀tì kan já, ó fẹ́ bá ọmọ rán an padà, ó yí aṣọ náà sódì, ó rí ihò abẹ́rẹ́ tó tò bí èèrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán tuntun. Ó dàgbà jù mí lọ, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Ìwọ lò ń fún aṣọ ọmọ yìí?" Mo ní kí ó gbájú mọ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò sanra ni mo ń febi pa. Mo ní bí ojú rẹ̀ bá rí i, kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìsọ̀ ẹlòmíràn ni yóò ti lọ máa ríran. Láti ìgbà náà, bí ọmọ náà bá ń kọjá, á tẹ orí ba sínú agolo, á máa wá bọ́tìnnì tí kò sọnù.

Màdáámù Fọ́tò tún dé, ó rí ọmọ náà, ó pàtẹ́wọ́. Ó mú un lọ ya fọ́tò nínú aṣọ tí mo fọwọ́ mi rán, ó sì gbé e kọ́ gàgàrà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo lọ dúró níwájú fọ́tò náà bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo ní lọ́kàn mi pé Àgbá ti bí òpó iná, kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde wá wò ó. Mo rò pé iṣẹ́ parí níbẹ̀. Mo fi bíléèdì sílẹ̀, mo bu oúnjẹ kún àwo, kò jẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, kò jẹ. Òun ló ń se oúnjẹ fún gbogbo wa, á dúró tì wá títí a ó fi jẹ tán, á ní òun ti jẹ nílé-ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn aṣọ náà padà ní ìkọ̀kọ̀, kí ó lè rò pé òun ti tín-ín-rín tó. Ó rí i pé wọ́n ń fì lára òun, ó ní fífọ̀ ló mú wọn rọ̀. Ìgbà tí aṣọ ń parọ́, ó gbà á gbọ́. Ìgbà tí aṣọ wá ń sọ òtítọ́, kò gbà á gbọ́ mọ́. Irun ń bá kóòmù rẹ̀ jáde. Nínú oòrùn ọ̀sán, súwẹ́tà ló ń wọ̀. Kọ́tìnnì ìsọ̀ wa kò gbọ̀n mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń mú kí ó jẹun ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ á mú búrẹ́dì wá, á bù ú sí méjì, á jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn ìsọ̀. Kò ní sọ pé jẹun, kò ní sọ pé má jẹun. Á kàn máa jẹ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí Ẹlẹ́rìn-ín náà á fi bù lára tirẹ̀.

Ọjọ́ tí Màdáámù Fọ́tò fẹ́ kí ó gbé aṣọ tuntun wọ̀ wò ni ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó dúró lórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń dúró lé, èmi kúnlẹ̀, mo ń fi píìnnì gbá etí aṣọ mú, mo gbọ́ tó ní, "Màámi, iná ti lọ." Iná kò lọ. Ọ̀sán gangan ni. Ó wó lé mi lórí, mo gbá a mú, ó sì dà bíi pé aṣọ náà wúwo ju ọmọ tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rọ ọmọ sùn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọkàn ọmọ náà ń lù bí aago tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Ó ní ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan, kì í sì í sábà ní orísun kan ṣoṣo. Ó ní yẹ̀yẹ́ lè wà níbẹ̀, tàbí ara tó tètè dàgbà ju ti ẹgbẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń fi ara ènìyàn ṣàwàdà, tàbí ìyá tí ọmọ ń wò bó ṣe ń bá ara tirẹ̀ jà. Ó mẹ́nu ba fọ́tò, ó mẹ́nu ba ìyìn àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń yìn, ó ní ọmọ tí kò fẹ́ já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ sì ni ó tètè ń mú. Ó ń ka ilé mi sí mi létí bí ẹni tó ń bá wa gbé. Ó wá ní, "Màmá, kí lẹ rò pé ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ibẹ̀ la ó ti dì í mú." Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi. Ọmọ mi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń gbọ́. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ni. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ́ ọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ń fún aṣọ, òmùgọ̀ ń ṣe mí. Nígbà tí mo sọ èyí, ojú mi là kedere. A délé, Jẹ́jẹ́ wá, tòun ti búrẹ́dì rẹ̀ nínú ọ̀rá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí ó má tún tẹ àtẹ̀gùn ìsọ̀ mi mọ́. Ó bi mí pé kí lòun ṣe. Ó gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun fún un, ó yí padà. Ẹnì kan ṣoṣo tí ọmọ mi ń bá jẹun ni mo lé lọ.

Nọ́ọ̀sì ní kí a máa padà wá, kí a máa jẹun pọ̀ nílé, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ sísanra tàbí títín-ín-rín létí ọmọ náà. Ọmọ náà ń gbìyànjú. Láàárọ̀ kan á jẹ, láàárọ̀ kejì á ti àwo sẹ́yìn, n kò sì mọ ohun tó ń yí i padà, títí ọjọ́ tí mo lọ tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti bá yunifọ́ọ̀mù kan, èyí tí mo fún jù, tí mo wá títí nígbà tí mo ń tú àwọn yòókù, tó sọ fún mi pé ó sọnù. Mo bi í ohun tó ń fi ṣe. Ó jókòó, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní láràárọ̀ lòun ń wọ̀ ọ́. Bí síìpù bá fà, òun á jẹun, bí kò bá fà, òun kò ní jẹ. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ padà sí bí mo ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán an ni, Màámi. Ìgbà yẹn, ó gbà mí. Ẹ̀yin lẹ ní aṣọ kì í purọ́."

Mo jókòó sílẹ̀. Ara tí ọmọ yìí ń wá kò sí rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rán aṣọ náà, ó fẹ̀, ó ń fì lára rẹ̀, ó ń jó kiri ìsọ̀ nínú rẹ̀. Èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ dá ọmọbìnrin mìíràn, tí kò ní ẹ̀dọ̀ tí kò ní ìfun, tí mo sì ní kí ọmọ mi máa lé e. Yóò lé e dé ibojì bí mo bá dákẹ́. Ẹ má rò pé ìgboyà ló mú mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ó lè fi mí sílẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á sin ín.

Mo gba aṣọ náà, mo yí i sódì, mo gbé e sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Áyọ́ọ̀nù a máa fi ihò abẹ́rẹ́ pamọ́, kì í pa á rẹ́. Ìlà kan wà, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà, wọ́n ń sún wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Èyí tó wà níta pátápátá ni mo rán fún ọ. Ìyókù, èmi ni. O ò sanra, ọmọ mi. Mi ò rí ọjọ́ tó o sanra. Èmi ni mò ń fún aṣọ." Ó fi ìka rẹ̀ tọ ìlà àkọ́kọ́ láti abíyá dé ìbàdí. Ó tọ èkejì. N kò lè wo ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bi yín bóyá omi ló mú un súnkì, ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Jẹ́jẹ́ ńkọ́?" Mo ní Jẹ́jẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Kò sunkún, kò bú mi. Ó ká aṣọ náà dáadáa, létí létí, bí mo ṣe kọ́ ọ, ó gbé e fún mi, ó sì ní kí n bá òun pe bàbá òun.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń gbé báyìí. Bàbá rẹ̀ ló fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ. Kò wo táyà lọ́jọ́ náà, kò sì tíì ṣe àwàdà náà mọ́ láti ìgbà náà. Mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo sọ fún un bí mo ṣe ń sọ fún yín yìí. Mo dá aṣọ Màdáámù Fọ́tò padà fún un láìrán, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ fọ́tò náà kalẹ̀. Ó ní orí mi ti dàrú, ọjà ló ń bá òun tà. Ìyá Oníbọ́tìnnì ní kí n má nìkan ru ẹ̀bi, pé òun rí i òun sì dákẹ́, ọwọ́ òun náà wà nínú rẹ̀. Mo lọ sílé Jẹ́jẹ́, mo kúnlẹ̀ fún òun àti ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ní kí n dìde. Jẹ́jẹ́ ló ní kí n dìde, ohun kan ṣoṣo tó sì béèrè ni ọ̀nà ilé tí ọ̀rẹ́ òun wà.

Ọmọ náà ń bọ̀ sípò, kò yá, kò sì tíì tán. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí oúnjẹ ń bá a jà. Ó máa ń wá kí mi, a ó jọ jẹun, èmi náà ń jẹ tèmi tán lójú rẹ̀, n kì í sì í dúró pòṣé níwájú dígí mọ́. Ó ń pè mí ní Màámi. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n fi tépù kan òun. Bó bá fẹ́ rán aṣọ, ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn ló ń lọ. Ọmọ aránṣọ ń gbé aṣọ kọjá níwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀, gbogbo àdúgbò ń wò ó. Ó tọ́ sí mi, n kò jiyàn. Láìpẹ́ yìí ó wọ ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà wá. Ó rí i tí mò ń wò ó, torí ojú aránṣọ kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Ó gbé etí aṣọ náà sókè díẹ̀, ó yí i sódì kí n lè rí inú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ká sínú ojú rírán náà fẹ̀ gan-an. Bó bá ga, bó bá fẹ̀, wọ́n lè tú u fún un. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀. Mo ṣì ń dàgbà." Etí ẹnu rẹ̀ sì gbéra díẹ̀. N kò lè búra pé ẹ̀rín ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ohun tí ẹ ń rán sí ọmọ yín lára, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu náà ní òwú, àwàdà ìdí oúnjẹ náà ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí aṣọ bá fún yín, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ara yín ló jẹ̀bi, ẹ kọ́kọ́ yí aṣọ náà sódì ná, kí ẹ wo ẹni tó rán an. Ìwọ Ẹlẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé wàá ka èyí, nítorí ìwọ lo kọ́ mi ní lẹ́tà tí mo fi kọ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Kò ní láti jẹ́ lónìí, kò ní láti jẹ́ lọ́dún yìí. Mo ti fi àyè sílẹ̀.